Owó ta ni tech Abẹ́òkúta ń jẹ?

Ìbéèrè kan ń lọ káàkiri láàárín àwọn ọmọ tó ń ṣe tech l'Ábẹ́òkúta báyìí: ṣé ọjà yìí ti tú ni? Ẹni tó ń béèrè ò sì jẹ̀bi. Ní 2021, tó o bá ní ò ń kọ́ kóòdù, àwọn àbúrò màmá ẹ tó ti ń fojú ọmọ Yahoo wò ẹ́ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá o lè mú ọmọ tiwọn náà mọ́ra. Ní báyìí, ọmọ yẹn kan náà ti ní sátífíkéètì mẹ́ta mẹ́rin lórí LinkedIn, iṣẹ́ ò sí, dátà ti gbówó lórí, meetup tí wọ́n máa ń ṣe nínú ọgbà ilé ìwé ò lọ déédéé mọ́, group WhatsApp tó ń hó yèè nígbà yẹn ti di ibi tí wọ́n ti ń polówó fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n jáde sí títì, rìn láti Pánṣẹ́kẹ́ lọ sí Kútọ̀, kó o máa ka àwọn tó ń ṣe POS, kíkà á sú ẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ wọ̀nyẹn náà, tech ni wọ́n. Báwo lọjà kan ṣe lè máa tú kó tún máa kún lẹ́ẹ̀kan náà?

Tèmi ni pé kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo, méjì ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ò ju ẹni tó ń sanwó lọ. Èyí tí oníbàárà tó wà níwájú ẹ̀ ń sanwó fún ṣì ń rìn, bó ti wù kó máa tiro tó. Èyí tó ń jẹ owó olówó láti òkè òkun ni ebi ń pa, àwọn ẹgbẹ́ wa tó rọ̀ mọ́ ọn nílùú yìí sì ń bá a gbààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀díẹ̀.

Ibi tówó ti ń wá gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Àwọn startup, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tech tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, tá à ń gbọ́ orúkọ wọn kì í fi èrè bẹ̀rẹ̀. Owó olùdókòwò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, ní Japan, ní Ṣáínà, ní Yúróòpù, wọ́n á gbé mílíọ̀nù dọ́là kan, márùn-ún, ogún fún wọn, wọ́n á gba ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á wá máa dúró de ọjọ́ tí ẹni tó lówó jù wọ́n lọ máa wá rà á. Nígbà kòrónà, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà já èlé owó wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, ẹni tó fowó sí báǹkì lọ́hùn-ún ò rí nǹkan gidi gbà lórí ẹ̀, ni wọ́n bá ń gbé owó wọn kiri ayé, wọ́n ń wá ibi tó ti máa bímọ, apá kan nínú ẹ̀ sì balẹ̀ sí Yaba l'Ékòó, àdúgbò àwọn startup. October 2020 ni Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n pè é lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ àwa ará ìpínlẹ̀ Ògùn nínú gan-an o, torí Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni àwọn méjèèjì tó dá a sílẹ̀, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, ti ṣe yunifásítì. Ní February 2022, àwọn olùdókòwò ní Flutterwave, tóun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ti tó bíliọ̀nù 3 dọ́là. Partech tó máa ń ka owó tó ń wọ startup Áfíríkà ní owó tí wọ́n fi ra ìpín ní 2021 nìkan lé ní bíliọ̀nù 5 dọ́là.

Ìgbà yẹn lọmọ kékeré ń gbọ́ pé wọ́n ń san 500,000 náírà lóṣù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́dún kan. Ta ni ò ní sáré?

Ọjà wá gbówó lórí ní Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀. Láti March 2022 ni báǹkì àpapọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, nígbà tó fi máa di àárín 2023 ó ti kọjá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó lè jókòó sílé kí ìjọba Amẹ́ríkà máa san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún un láìsí wàhálà, kí ló fẹ́ wá ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta l'Ékòó tí kò tíì jèrè kọ́bọ̀ kan? Owó dákẹ́. Meta lé 11,000 òṣìṣẹ́ ní November 2022, Google lé 12,000 ní January 2023, ní March ọdún yẹn Silicon Valley Bank tí ọ̀pọ̀ startup ń kó owó sí wó lulẹ̀. Ìṣirò Partech fún Áfíríkà bọ́ sí bíliọ̀nù 2.3 dọ́là ní 2023, ìyẹn ò tó ìdajì ti 2021. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, 54gene tó ń ṣe ìwádìí lórí àbùdá ara èèyàn Áfíríkà kógbá wọlé, Lazerpay kógbá wọlé, Jumia ti Jumia Food pa ní ìparí 2023, Microsoft ti ibùdó tó ti ń kọ sọ́fítíwíà l'Ékòó pa ní 2024, Okra náà lọ ní 2025. Iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn dáa o. Owó ló tán.

Náírà tún wá bọ́ sínú ẹ̀. June 2023 ni ìjọba yọ ọwọ́ lára ẹ̀, dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦460 ní báǹkì di ₦750, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti dé ₦1,500. Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń pa mílíọ̀nù kan náírà lóṣù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wa, tẹ́lẹ̀ ó máa ń lé ní 2,100 dọ́là, ní February 2024 yẹn ò tó 700 mọ́. Bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń yá lò, fún Amazon, dọ́là náà ni wọ́n fi ń san owó àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Olùdókòwò tó fowó ẹ̀ sílẹ̀ ní dọ́là wá ń wo ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà ní náírà tó sì ń kéré sí i ní dọ́là. Ẹ ò rí i pé ó le láti tún ní kó mú owó wá.

Ó yá, báwo ni gbogbo ìyẹn ṣe kan ẹni tó ń gbé ní Àṣẹ́rò tàbí Ọ̀bàntókò? Ṣebí kò sí èyí tí orílé-iṣẹ́ ẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà kàn wá ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ́ra wọn níṣẹ́. Láti nǹkan bíi 2016 ni ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọn àjọ kékeré bẹ́ẹ̀, nínú FUNAAB ní Alábàtà, ní MAPOLY ní Òjéèrè, àti láwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ń yá láàárín ìgboro. Ní July 2017 ni ọ̀gá Google, Sundar Pichai, wá s'Ékòó tó ní àwọn máa kọ́ mílíọ̀nù 10 èèyàn ní Áfíríkà níṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, látìgbà náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń wá ọmọ ilé ìwé tí wọ́n máa fi ṣe aṣojú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa náà darapọ̀. Tó o bá fẹ́ ṣe meetup, wàá kọ lẹ́tà sí startup mẹ́ta l'Ékòó, ọ̀kan á fi T-shirt àti sítíkà ránṣẹ́, ọ̀kan á sanwó gbọ̀ngàn, ìkẹta á sanwó oúnjẹ, wọ́n á tún gbé òṣìṣẹ́ wọn kan wá láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí iye ọmọ tó jẹ́ pé torí small chops ni wọ́n ṣe wá, àwọn kan nínú wọn ló padà di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Kí ló dé táwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ń náwó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, wọ́n sì ń wá kí olùdókòwò rí i pé orúkọ àwọn ti dé ìlú gbogbo. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé òṣìṣẹ́, ta ló tún fẹ́ sanwó T-shirt fún ẹni tó ń wáṣẹ́? Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé nìyẹn. Àwọn tó ń darí meetup náà ò ju ọmọ ilé ìwé lọ, wọ́n parí ìwé, wọ́n lọ sìnrú ìlú, àwọn kan já pa lọ sí Canada àti UK, kò sẹ́ni tó gba ìjókòó wọn.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé Ẹ̀gbá ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ta ni ò mọ ìtàn Lísàbí nílẹ̀ yìí? Ẹgbẹ́ àáró ló fi kó wọn jọ: oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la, ẹni tí wọ́n bá wá bá ṣiṣẹ́ ló ń wá oúnjẹ tọ́jọ́ yẹn. Wọn ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni l'Ọ́yọ̀ọ́ pé kó wá sanwó oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi ẹgbẹ́ kan náà dojú kọ Ọ̀yọ́ nígbà tó yá. Ẹgbẹ́ tech tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ wa wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde lédè Yorùbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lójú ọjọ́ yẹn ò sì yàtọ̀ sí tech òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn òyìnbó ìjọ CMS ni, Henry Townsend ló ń darí ẹ̀, nígbà tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde nílùú ní 1867, ìwé ìròyìn náà parí síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nílùú, ẹni tó ń náwó sí i ló lọ.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ gan-an, kò sì sóhun tó ṣàlàyé ẹ̀ tó ìtàn Andela. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ètò wọn nígbà yẹn dà bí àlá: wọ́n á mú ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ṣùgbọ́n tó lọ́pọlọ, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á máa sanwó oṣù fún un, wọ́n á fi í ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Mark Zuckerberg wà lára àwọn tó fowó sí i, òun náà sì wá bẹ̀ wọ́n wò l'Ékòó ní 2016. Gbogbo ọmọ FUNAAB tó ń kọ kóòdù nígbà yẹn, Andela ló ń gbàdúrà sí. Ní September 2019, ilé-iṣẹ́ yìí lé nǹkan bíi 400 nínú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́, ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn oníbàárà wọn, àgbà òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò fẹ́ ọmọṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, SoftBank ti Japan àtàwọn míì fún Andela ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, wọ́n ní ó ti tó bíliọ̀nù kan ààbọ̀. Ilé-iṣẹ́ jèrè, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ jèrè, ọmọṣẹ́ ni ilẹ̀kùn tì mọ́ síta. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, ChatGPT tó jáde ní November 2022 sì tún dá kún un, torí iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún ọmọṣẹ́ kó fi kọ́wọ́, tó bá jẹ́ kíkọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kan, títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré, yíya lógò, ọ̀gá lè fi ẹ̀rọ ṣe é kó tó mu tíì tán. Báwo lẹnì kan ṣe máa di àgbà òṣìṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó gbà á nígbà tó jẹ́ ọmọṣẹ́? Mi ò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó dáhùn ìyẹn dáadáa.

Àwọn tó ti débẹ̀ kó tó di pé ilẹ̀kùn tì, nǹkan ṣẹnuure fún wọn, ká má purọ́. Ẹni tí òyìnbó ń san 1,000 dọ́là fún lóṣù, ₦460,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún owó ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kúrò l'Ékòó wá síbí nígbà kòrónà torí ilé dọ́pọ̀, rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 sì tún mú kó rọrùn, wàá wọkọ̀ ní Ládérìn, wàá sọ̀ ní Alágomeji tó jẹ́ Yaba gan-an, àárín àwọn ilé-iṣẹ́ tech. Àwọn onílé náà ò sùn o. Wọ́n rí ọmọkùnrin tó ń gbé lápùtọ́ọ̀pù, tí kì í lọ síbi iṣẹ́, tó ń sanwó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, owó ilé bá lọ sókè. Àwọn ọlọ́pàá náà rí i. Kí wọ́n tó tú SARS ká ní October 2020, lápùtọ́ọ̀pù nínú báàgì tó láti dá ẹ dúró lọ́nà, kódà lẹ́yìn ìgbà yẹn tí EFCC ń wá mú àwọn ọmọ Yahoo l'Ábẹ́òkúta lemọ́lemọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tòótọ́ ṣì ní láti máa gbé ìwé iṣẹ́ ẹ̀ kiri bíi páàsì. Àwọn Yahoo wà lóòótọ́, wọ́n pọ̀ gan-an, àwọn ló sì bà á jẹ́ fún àwọn tó kù, mi ò ní gbè wọ́n.

Owó wọ̀nyí ṣá, owó òde náà ni. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá tú ní London, ọmọ kan á gba lẹ́tà ìdádúró ní Ọ̀bàntókò láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wàyí o, POS. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn, torí òun ló fi hàn pé kì í ṣe gbogbo owó òde ló ń bàjẹ́. OPay dé Nàìjíríà ní 2018, kò sí ohun tí wọn ò ṣe: ọ̀kadà, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́. Èkó ní kí ọ̀kadà kúrò lójú pópó láwọn àdúgbò ńláńlá láti February 1, 2020, ìyẹn dí wọn lọ́nà, bí wọ́n ṣe pa ORide, iṣẹ́ ọ̀kadà wọn, tì nìyẹn, wọ́n gbájú mọ́ owó. SoftBank tún wà níbẹ̀, mílíọ̀nù 400 dọ́là ni òun àtàwọn míì kó lé e lọ́wọ́ ní 2021. Moniepoint ní tiẹ̀, TeamApt ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà ló ń kọ fáwọn báǹkì kó tó bọ́ sí títì. Nígbà tí CBN wá yí owó padà, tó di February 2023 tí náírà ò sí ní báǹkì, tí ATM ń pòfo, tí inú bí àwọn èèyàn débi pé wọ́n fẹ̀hónú hàn láàárín ìgboro Abẹ́òkúta níbí, ẹni tó ń ta ata l'Ọ́jà Kútọ̀ tó lóun ò ní gba transfer láyé òun, ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbà á. Báǹkì ńláńlá ni, áàpù wọn ò ṣí. Ti OPay, PalmPay àti Moniepoint ń wọlé. Àṣà tó yí lóṣù kan yẹn ò yí padà mọ́.

Ohun tó mú wọn dúró nìyí: owó tó o san lórí ₦5,000 tó o gbà, àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ń gba tiwọn nínú ẹ̀, ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń gba tiẹ̀, oníbàárà ló sì sanwó, ní náírà, lójú ẹsẹ̀. Ṣé ìjọba ò yọ wọ́n lẹ́nu ni? Ó yọ wọ́n lẹ́nu. April 2024 CBN ní kí OPay, Moniepoint, PalmPay àti Kuda má gba oníbàárà tuntun, ó di June kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Kò pa wọ́n. October ọdún yẹn kan náà ni Moniepoint gba mílíọ̀nù 110 dọ́là, àwọn olùdókòwò sì ní ó ti kọjá bíliọ̀nù kan, ní ọdún tí owó gbẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Owó òde ń tọ ẹni tí oníbàárà ilé ti ń sanwó fún lẹ́yìn.

Mi ò ní pe iṣẹ́ POS ní ọ̀run o. Òòrùn ń pa wọ́n, àwọn olè ń tọ̀ wọ́n, èrè ẹ̀ ń tín-ín-rín bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó kàwé gboyè nínú sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà tó wá jókòó ti POS ní Láfẹ́nwá, kò síbi tó kà á sí tech lórí LinkedIn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni tech ń bọ́ jù nínú kíláàsì wọn.

Owó dátà náà, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án díẹ̀, torí ìdí kan náà ló gbé e gorí. MTN Nàìjíríà pàdánù bíliọ̀nù 137 náírà ní 2023, ó tún pàdánù bíliọ̀nù 400 ní 2024, gbèsè dọ́là àti owó àwọn òpó tí wọ́n ń san pẹ̀lú ìṣirò dọ́là ló fà á. January 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fi ohun tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Èrè padà sápò MTN lọ́dún yẹn, àpò ọmọ tó ń wo fídíò kóòdù lórí YouTube ló ti jáde. Fi ti iná kún un, ₦225 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba lórí kílówáàtì fún wákàtí kan (kWh) lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, ní April 2024, àwọn tí kò sí ní Band A sì ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023. Kíkọ́ tech lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ ibo?

Ẹ̀ka kan tún wà tó yẹ kó jẹ́ ti Abẹ́òkúta pátápátá, ìyẹn tech lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. FUNAAB wà níbí láti 1988, oko adìyẹ pọ̀ nípìínlẹ̀ Ògùn, kí la tún ń wá? Láti nǹkan bíi 2016 làwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní oko, wọ́n á ní kó o ra ìpín nínú oko àgbàdo tàbí adìyẹ, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wàá gba owó ẹ pẹ̀lú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀. Àgbẹ̀ tòótọ́ wo ló ń jèrè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà? Kòrónà dé, ọkọ̀ ò rìn, ọjà ò ṣí, àwọn kan ò rówó san padà, ariwo ta. January 2021 ni SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, mú òfin tó de irú owó gbígbà bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀ka yẹn ò tíì gbádùn orúkọ rere padà lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ó sì dùn mí, nítorí ìṣòro àgbẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀, olóko adìyẹ ṣì ń ṣírò ẹyin sínú ìwé tó ti ya.

Àwọn tí mò ń wò pé wọ́n á dọ́jọ́ alẹ́ nílùú yìí, orúkọ wọn ò jáde nínú ìròyìn kankan. Ọmọ méjì mẹ́ta tó ń kọ sọ́fítíwíà tí ilé ìwé aládàáni fi ń ṣe èsì ìdánwò àti owó ilé ìwé, tí wọ́n ń gba owó wọn ní táàmù-táàmù lórí iye ọmọ tó wà. Ẹni tó ń bá àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ṣe kámẹ́rà àti sólà. Ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò àdìrẹ fáwọn ìyá Ìtókù, tó ń bá wọn gbé e sórí Instagram, tó ń dá oníbàárà tó wà ní Texas lóhùn lóru, tó sì ti kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe mọ alert ayédèrú kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Àdìrẹ ẹ̀rọ láti Ṣáínà ti ń da ọjà rú fún wọn, nítorí náà fídíò ibi tí wọ́n ti ń re aṣọ gangan láró ló ń mówó wọlé jù. Wọn ò gba dọ́là lọ́wọ́ olùdókòwò kankan. Wọn ò ní í di bíliọ̀nù náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwọn kan nínú wọn ń jẹ ilé ìwé ní gbèsè tàbí ilé ìwé ló ń jẹ wọ́n, owó oṣù òṣìṣẹ́ ń fa wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Silicon Valley Bank wó, wọn ò mọ̀ pé ó wó.

Ìjọba ńkọ́? Bosun Tijani tó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní 2023, ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti yàn án, òun náà wà lára àwọn tó dá CcHub, ibùdó tí wọ́n ti ń ran àwọn startup lọ́wọ́, sílẹ̀ ní Yaba, kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò 3MTT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù 3 èèyàn níṣẹ́. 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, 270,000 tẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà kọ́ Tech Hub tiẹ̀ sọ́nà Kòbápẹ́. Mi ò bá wọn jà, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tó dúró ire fún wákàtí mẹ́fà, ẹni tí kò ní í ló mọyì ẹ̀. Ibi tí mo ti yapa ni pé gbogbo ẹ̀ ló dá lórí kíkọ́ni, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ò rẹ́ni gbéṣẹ́ fún wọn. Ó ti pẹ́ tá a ti ń gbin ẹ̀kọ́, ta ló fẹ́ ra ìkórè?

Ká ní èmi ni wọ́n bi ní Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, màá ní kí wọ́n yé ka iye ọmọ tó gba sátífíkéètì, kí wọ́n máa ka iye iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé fáwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tó wà nílùú. Owó ìsọ̀ nínú ọjà wa, fáìlì aláìsàn láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, èsì àwọn ilé ìwé ìjọba, ìwé ilẹ̀ tó ń sọ nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí bébà. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí iṣẹ́ kan má ju ohun tí ọmọ mẹ́rin lè ṣe parí lóṣù mẹ́fà lọ, kí wọ́n sanwó ẹ̀ lásìkò, lásìkò ni mo wí o, torí ilé-iṣẹ́ kékeré tí ìjọba jẹ ní gbèsè ọdún kan, ó ti kú nìyẹn.